Ajẹ́lẹ̀ Kaiser: Àgbéyẹ̀wò Ìgbésí Ayé Julius von Zech ní Tógò

Bí ẹnìkan bá dárúkọ ajẹ́lẹ̀ níwájú àgbàlagbà kan ní Tẹ̀dé, ohun méjì ni yóò wá sí i lọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni ẹni tí Aláàfin máa ń fi sí ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ láyé ijọ́un, tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, tó sì ń gbọ́ ohun tí ìlú ń sọ lábẹ́lẹ̀. Èkejì ni òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó wá jókòó sí Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gba ilẹ̀, pàápàá Captain William Ross, tó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ níbẹ̀ láti 1914 títí di 1931. Ajẹ́lẹ̀ kẹta wà tí a kì í sábà mẹ́nu bà, nítorí pé ilẹ̀ mìíràn ló ti ṣe tirẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ Jámánì nìyẹn.

Ilẹ̀ náà kò jìnnà tó bí a ṣe ń rò. Láti Tẹ̀dé, a ó gba Ṣakí lọ sí Òkèrété lẹ́nu ibodè. Ẹni tó bá ń bá ìwọ̀-oòrùn lọ láti ibẹ̀ yóò la orílẹ̀-èdè Benin kọjá, èyí tí àwọn àgbà wa ṣì ń pè ní Dàhòmì, yóò sì bọ́ sí Tógò. Ní Atakpamé àti àyíká rẹ̀, yóò bá àwọn ènìyàn tó ń pe èdè wọn ní Ifẹ̀, tí wọ́n sì ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn ti ṣẹ̀ wá. Àwọn mìíràn ń pè wọ́n ní Àná. Ọmọ ìyá wa ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ Òkè-Ògùn, láti Ìgbòho, Kìṣí, Ṣakí títí dé ọ̀dọ̀ tiwa, ló ti gbé ẹrù òwò la ibẹ̀ kọjá lọ sí Gánà, títí ìjọba Gánà fi ní kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ máa lọ sílé ní òpin 1969.

Bàbá tó bí ìyá mi wà lára àwọn tó rin ọ̀nà yẹn. Bí afárá kan bá dúró ṣinṣin, tí ọ̀nà kan sì gún láìní kòtò, yóò ní, "Iṣẹ́ Jámánì nìyẹn." Ìyìn ni lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn onílé tó gbà á sílé ní Tógò, ó sì gbé e wá sí Tẹ̀dé bí ẹni gbé aṣọ tó rà lọ́jà bọ̀. Ó pẹ́ gan-an kí n tó bi ara mi pé ta ni Jámánì yìí, ta ló sì ru òkúta afárá náà.

Nítorí ìbéèrè yẹn ni mo ṣe kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ṣé lóòótọ́ ni pé Jámánì ṣe dáadáa ní Tógò? Mi ò fẹ́ fi èyí tó burú jù nínú wọn dáhùn, nítorí pé ẹjọ́ tó rọrùn láti dá nìyẹn. Ọkùnrin tí ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí ẹni tó sàn jù nínú wọn ni mo fẹ́ tọpa rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Julius Graf von Zech auf Neuhofen. Oyè ìdílé ni Graf, ọmọ ń bá a lẹ́sẹ̀ bàbá. Wọ́n bí i ní ìlú Straubing ní Bavaria, gúúsù Jámánì, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin 1868. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni ńlá láàfin ọba ni. Ní Jámánì ìgbà náà, àwọn tó ní oyè lórúkọ pọ̀ ju ilẹ̀ tó lè bọ́ wọn lọ. Bó ṣe rí ní agboolé ọba tiwa náà ni: ọmọ ọba lè kún àgbàlá, adé kan ṣoṣo ló wà. Ọmọ tí oyè kò kàn, tí ogún bàbá kò sì tó, iṣẹ́ ológun ló máa ń yà sí, nítorí pé iṣẹ́ náà kò ba orúkọ ilé jẹ́. Zech di ọ̀gá ológun nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Bavaria. Ṣùgbọ́n Jámánì kò tíì jagun kan ní Yúróòpù láti 1871, ọ̀dọ́ ológun sì lè darúgbó sínú bárékè láìgbọ́ ìró ìbọn. Áfíríkà ló ṣí sílẹ̀ fún irú wọn. Ní 1895, nígbà tó pé ọmọ ọdún 27, ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Tógò. Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù Kọkànlá, ni Captain Bower, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì, yin àgbá lu Ọ̀yọ́.

Tógò ti wà lọ́wọ́ Jámánì láti ọjọ́ 5 oṣù Keje 1884, nígbà tí Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Baguida pẹ̀lú àwọn aṣojú ọba Mlapa. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ náà dé ilé wa. Ní oṣù Kìíní 1885, Nachtigal yìí kan náà bá Amapetu, ọba Mahin, ní etíkun Ìlàjẹ ṣe àdéhùn ààbò, nítorí ilé-iṣẹ́ Gaiser ti Hamburg tó ń ṣòwò ní Èkó fẹ́ ní etíkun tirẹ̀ níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì yarí, Jámánì sì jọ̀wọ́ Mahin. Bí wọn kò bá jọ̀wọ́ rẹ̀ ni, ta ló mọ èdè tí à bá fi kọ ìwé lónìí?

Kete-Krachi ni wọ́n fi Zech sí, létí odò Volta. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ológun ti di ajẹ́lẹ̀. Gbàǹja tí a ń là nínú àwo níbi ìgbéyàwó, orúkọ Gonja ló wà lára rẹ̀. Salaga ni ọjà ńlá tí obì yẹn ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé tú Salaga ká ní 1892, púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò Hausa ṣí lọ sí Kete. Ní ẹ̀gbẹ́ ọjà yìí ni ojúbọ Dente wà, òrìṣà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀ títí kan ilẹ̀ Asante. Ní 1894, ọdún kan kí Zech tó dé, àwọn Jámánì ti pa olórí àwòrò Dente. Ìlú tí ẹ̀rù ti bà ló bá, ìlú tó ti rí i pé àwọn àlejò yìí lè pa ẹni tí òrìṣà ń bá sọ̀rọ̀.

Zech fi ọdún díẹ̀ gbé níbẹ̀. Ó ń dájọ́, ó ń ka ẹrù, ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1898 ó tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde nípa Tógò àti ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní 1904 ó tún tẹ òmíràn jáde nípa ilẹ̀ àti ènìyàn ààlà àríwá ìwọ̀-oòrùn. Àkọsílẹ̀ méjèèjì wúlò fún òpìtàn títí di òní. Ó yẹ ká fi èyí yìn ín: ọ̀pọ̀ ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ nǹkan kan ju iye ilé tí wọ́n sun lọ.

Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń kọ̀wé ní Kete. Alhaji Umar, ọmọ Kano, àáfà àti akéwì, ń gbé ìlú kan náà. Ó ń fi èdè Lárúbáwá àti Hausa kéwì nípa bí àwọn òyìnbó ṣe ń gba ilẹ̀, ìlú lẹ́yìn ìlú, ọba lẹ́yìn ọba. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Adam Mischlich, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Jámánì níbẹ̀, ti kọ́ ìmọ̀ Hausa tó fi kọ ìwé. Umar kú sí Kete-Krachi ní 1934, lẹ́yìn tí Jámánì ti lọ fún 20 ọdún. Mo máa ń ronú nípa àwọn méjèèjì yìí nínú ìlú kan. Ọ̀kan ń kọ ìròyìn sí Berlin, èkejì ń kọ ewì sí àwọn ọmọ Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀. Tí a bá ka ti Zech nìkan, a ó rò pé àlàáfíà ló wọlé. Tí a bá ka ti Umar, a ó gbọ́ ìró ilẹ̀ tó ń yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Omi adágún Volta ti bo Kete àtijọ́ mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n kọ́ dáàmù Akosombo. Ohun tí àwọn méjèèjì kọ ló ṣẹ́kù.

Àwọn ọmọ oyè yòókù tó wá sí Tógò kò fẹ́ràn gègé bíi ti Zech. Valentin von Massow wà nínú àwọn tó ṣáájú ogun lọ bá Dagomba. Ní Adibo, ní oṣù Kejìlá 1896, àwọn sójà díẹ̀ tó ní ìbọn ìgbàlódé pa àwọn ọmọ ogun Dagomba rẹpẹtẹ, wọ́n sì sun Yendi. Àwọn onílù Dagomba, tí iṣẹ́ wọn jọ ti arọ́kin Ọ̀yọ́, ṣì ń ròyìn Adibo títí di òní. Jesco von Puttkamer, ìbátan ìyàwó Bismarck tó ti ṣe olórí ìjọba Jámánì rí, ló ṣàkóso Tógò kí wọ́n tó gbé e lọ sí Cameroon ní 1895. Àwọn ìjòyè Akwa ní Duala kọ̀wé ẹ̀sùn nípa ìṣàkóso rẹ̀ ránṣẹ́ sí Jámánì ní 1905, wọ́n sì pè é padà sílé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìwọ̀nyí ni ojúgbà Zech. Tí a bá fi òṣùwọ̀n wọn wọ̀n ọ́n, ìmọ́lẹ̀ ni yóò jọ.

Ọ̀nà tó gbà di gómìnà fúnra rẹ̀ sọ nǹkan fún wa. Waldemar Horn ni gómìnà láti 1902. Horn pàṣẹ pé kí wọ́n de ẹlẹ́wọ̀n kan mọ́ òpó, ẹlẹ́wọ̀n náà sì kú síbẹ̀. Ní àkókò yẹn kan náà, ariwo ń jáde láti Atakpamé, láàárín àwọn ará Ifẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fẹ̀sùn kan Geo Schmidt, ọ̀gá ibùdó ìjọba níbẹ̀, pé ó ń fi ipá kó ènìyàn ṣiṣẹ́, pé ó ń nà wọ́n, pé ó fi ipá bá ọmọbìnrin kékeré kan lò pọ̀. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì gbè lẹ́yìn ìlú. Ní 1903, dípò kí ìjọba dá Schmidt dúró, àwọn àlùfáà ni wọ́n tì mọ́lé. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé aṣòfin ní Berlin. Ní oṣù Kejìlá 1906, aṣòfin Hermann Roeren tú ìwà àwọn òṣìṣẹ́ Tógò sílẹ̀ níwájú gbogbo ilé, Bernhard Dernburg tó ń bójú tó ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè sì dojú kọ ọ́. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi tú ilé aṣòfin ká lórí owó ogun Namibia, wọ́n sì pe ìbò tuntun fún 1907.

Ṣáájú ìyẹn ni wọ́n ti yọ Horn. Zech, tó ti ń dípò gómìnà, ni wọ́n fi jẹ ní 1905. Ọmọ ọdún 37 ni. Ẹni tí yóò fọ ilé mọ́ ni wọ́n ń wá, ó sì fọ̀ ọ́ dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká ka ohun tó ṣe sí i lọ́rùn, rere rẹ̀ ṣáájú. Èbúté onírin Lomé ti wà láti 1904. Ní 1905 ojú irin dé Aného. Ní oṣù Kìíní 1907 èkejì dé Kpalimé, nǹkan bíi kìlómítà 119, fún kókó. Èyí tó lọ sí Atakpamé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tirẹ̀. Àwọn Jámánì fi ohun tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó pe ojú irin kọ̀ọ̀kan: ti àgbọn, ti kókó, ti òwú. Ilé-iṣẹ́ Friedrich Hupfeld ti kó ilẹ̀ púpọ̀ mọ́ra ní agbègbè òkè Agu pẹ̀lú ìwé tí àwọn onílẹ̀ kò lóye. Ìjọba Zech yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nígbà tó sì fi di 1910, ilé-iṣẹ́ náà ti gbà láti dá apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ yẹn padà. Zech gbà pé àgbẹ̀ dúdú lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni yóò mú Tógò là, kì í ṣe òyìnbó olóko ńlá. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí onílẹ̀ ní Kenya tàbí ní Namibia yóò mọ̀ pé ìpinnu yìí kì í ṣe ohun kékeré. Owó tó ń wọlé ní Tógò tó ìjọba rẹ̀ ná láìtọrọ ní Berlin, ohun tí ilẹ̀ Jámánì mìíràn ní Áfíríkà kò lè ṣe. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pe Tógò ní ilẹ̀ àwòkọ́ṣe.

Òwú kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí wọ́n bí sí ẹ̀gbẹ́ Ìsẹ́yìn, níbi tí òfì ti ń dún láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n òwú tí Jámánì fẹ́ kì í ṣe ti aláṣọ òkè. Ti ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ Yúróòpù ni. Ní òpin 1900 wọ́n pe àwọn ọmọ dúdú Amẹ́ríkà mẹ́rin láti ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee ti Booker T. Washington, James Calloway ni olórí wọn, kí wọ́n wá kọ́ àwọn ará Tógò bí a ṣe ń gbin òwú ní Tove. John Robinson nínú wọn dúró, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ òwú sílẹ̀ ní Notsé ní 1904. Odò ló gbé e lọ ní 1909. Andrew Zimmerman, tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2010, fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ajẹ́lẹ̀ ló ń rán wọn wá láti ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí láti ka ìyẹn: ọmọ ẹrú láti Amẹ́ríkà dé ilẹ̀ baba ńlá rẹ̀, iṣẹ́ òwú tí kì í ṣe tinútinú náà ni wọ́n ní kó wá kọ́ni.

Èyí ló mú wa dé ọjọ́ méjìlá.

Lábẹ́ Zech ni wọ́n fi ìlànà owó orí oníṣẹ́ lélẹ̀ dáadáa ní 1907. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó ti tó iṣẹ́ ṣe yóò fi ọjọ́ 12 ṣiṣẹ́ fún ìjọba lọ́dún, tàbí kó san máàkì 6. Lójú ìwé, ó dà bí ohun kékeré. Ẹni tó ń kọ ebè ní Tẹ̀dé, tó ń wojú òjò, mọ̀ pé ọjọ́ méjìlá lè jẹ́ gbogbo ohun tó wà láàárín oko tó dára àti ebi. Ní etíkun, ẹni tó ń ta ekuro tàbí kókó lè rí máàkì 6. Ní àríwá, níbi tí owó kò ti wọ́pọ̀, ara ni wọ́n ń fi san án. Olórí ìlú ló ní láti kó ènìyàn jáde, òun ni ajẹ́lẹ̀ yóò bi tí wọn kò bá pé. Báyìí ni ọba ìlú ṣe di agbowó orí lójú àwọn ọmọ tirẹ̀. Àwọn Kabiyè ni wọ́n ń kó wá láti òkè wọn lọ síbi ojú irin àti ọ̀nà ní gúúsù. Wọ́n ti àríwá mọ́ àwọn oníṣòwò àti àwọn oníwàásù, ẹni tí kò bá gbàṣẹ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Àwọn kan sọ pé Zech ń dáàbò bo àwọn ará àríwá ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a tì mọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ kó lè kígbe, bí àwọn àlùfáà ṣe kígbe ní Atakpamé?

Pàṣán wà lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá. Òfin 1896 láti Berlin sọ pé ẹgba kò gbọdọ̀ ju 25 lọ lẹ́ẹ̀kan, wọn kò sì gbọdọ̀ na obìnrin. Àwọn ará Tógò ní orúkọ tiwọn fún un: mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àti ọ̀kan fún Kaiser, ọba Jámánì. Òfin kò dárúkọ ọ̀kan tó lé yẹn, ẹ̀yìn ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Zech kò fòpin sí i. Ẹni tó dá ilẹ̀ padà fún onílẹ̀, tó kọ ìtàn Kete, tó bínú sí ìwà Horn, kò rí i pé ìjọba òun lè dúró láìsí pàṣán. Ní Tógò, àwọn òyìnbó kò tó 400, ọlọ́pàá wọn kò ju bí 500 lọ, àwọn ọmọ ìlú sì tó bíi mílíọ̀nù kan. Tí ìwọ̀nba ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kí ọ̀nà mọ́, kí afárá dúró, kí owó wọlé láìtọrọ, láìbi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, ìbẹ̀rù ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tó kù.

Àwọn òpìtàn kò fẹnu kò. Woodruff Smith kọ ìgbésí ayé Zech ní 1978 nínú ìwé kan lórí àwọn gómìnà òyìnbó ní Áfíríkà. Ọ̀gá tó ní làákàyè ni Zech lójú rẹ̀. Arthur Knoll, lọ́dún kan náà, tẹnu mọ́ ètò àti ọrọ̀ ajé. Peter Sebald láti Ìlà-Oòrùn Jámánì kọ ìwé ńlá ní 1988, ó tú ìwé ìjọba sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi hàn pé àwòkọ́ṣe yẹn jẹ́ orúkọ tí àwọn tó jàǹfààní fún ara wọn. Rebekka Habermas padà sí ọ̀ràn Atakpamé ní 2016. Dennis Laumann ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí ó lọ jókòó ti àwọn àgbà ní ìhà Gánà tó jẹ́ ti Jámánì tẹ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ohun tó gbọ́ jọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu bàbá ìyá mi. Wọ́n yìn wọ́n pé wọ́n létò, pé wọn kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n rántí pàṣán. Kò sí ìtakora níbẹ̀ lójú tèmi. Ẹni tí wọ́n nà lórí afárá lè mọ̀ pé afárá náà dára. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Nígbà tí bàbá ìyá mi ń sọ pé iṣẹ́ Jámánì ni, iṣẹ́ àwọn Kabiyè, Ewé àti Ifẹ̀ ló ń yìn láìmọ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù kò ti ọ̀dọ̀ òpìtàn kankan wá. Ní oṣù Kẹwàá 1913, nígbà tí Wilhelm Solf, mínísítà tó ń bójú tó ilẹ̀ òkèèrè, wá sí Lomé, Octaviano Olympio àti àwọn ẹni pàtàkì ìlú fi ìwé ẹ̀bẹ̀ lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ẹ̀wọ̀n irin àti pàṣán dópin, kí wọ́n tún ilé ẹ̀wọ̀n ṣe, kí òfin kan wà tí ènìyàn lè kà, kí owó orí wálẹ̀, kí àwọn aṣojú ọmọ ìlú máa bá ìjọba jókòó. Ọdún mẹ́ta péré ti kọjá lẹ́yìn tí Zech lọ nítorí àìlera ní 1910. Ẹ wo ohun tí wọ́n béèrè. Kò sí ohun tó wà nínú ìwé yẹn tí gómìnà tó dára jù kò lè ṣe ní ọdún 5 tó fi wà lórí àga.

Nígbà tí ogun dé ní 1914, Duke Adolf Friedrich ti Mecklenburg tó jẹ́ gómìnà wà ní ìsinmi ní Jámánì. Ọmọ oyè mìíràn, Hans Georg von Doering, ló dípò rẹ̀. Nítòsí Atakpamé, ní Kamina, Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-iṣẹ́ wáyà aláìlókùn ńlá kan tó lè bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀ tààrà. Nítorí ilé yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe yára wọlé láti Gold Coast, tí Faransé sì wọlé láti Dàhòmì. Alhaji Grunshi, ọmọ dúdú nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gold Coast, ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì tó yìnbọn nínú ogun náà, ní Tógò, nínú oṣù Kẹjọ. Àwọn Jámánì fọ́ Kamina fúnra wọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, von Doering jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ilẹ̀ àwòkọ́ṣe kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ nínú ogun. Àwọn ọmọ ìlú kò dìde jà fún un.

Zech ti padà wọṣọ ológun ní Bavaria. Wọ́n fi í ṣe olórí battalion kìíní nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àfikún 16 ti Bavaria. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 1914, nítòsí Gheluvelt ní Bẹ́ljíọ̀m, ìbọn bá a, ó sì kú ní ọmọ ọdún 46. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun yẹn kan náà, lọ́jọ́ yẹn kan náà, ọ̀dọ́ sójà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Adolf Hitler ni orúkọ rẹ̀. Òun kò kú.

Faransé pín Tógò pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, àwọn ọmọ Tógò kan tó wà ní Accra dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń kọ̀wé sí Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè pé kí Jámánì padà wá. Ní 1960, nígbà òmìnira, Ààrẹ Sylvanus Olympio, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Octaviano, pe Duke ti Mecklenburg, arúgbó tó ti lé ní 80, kó wá bá wọn yọ̀. Àwọn kan ń fi èyí jẹ́rìí pé Jámánì dára. Mo kà á sí ẹ̀rí nípa Faransé. Ẹni tí wọ́n ń fi ipá kó ṣiṣẹ́ lónìí yóò rántí ti àná pé ó sàn.

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Zech sàn ju Horn, Puttkamer àti Massow lọ, kò sì yẹ kí a kà á mọ́ wọn. Òótọ́ ni pé ó kàwé, ó ronú, ó dá ilẹ̀ padà. Síbẹ̀ ìjọba rẹ̀ dúró lórí ọjọ́ 12 àti ẹgba 25, ó sì mọ̀. Àwọn tí wọ́n ń jọba lé lórí kò sí níbi tí wọ́n ti ń pinnu ohunkóhun. Nítorí náà, mi ò gbà pé Jámánì ṣe dáadáa ní Tógò, bó ti wù kí afárá náà dúró pẹ́ tó.

Kí a má rò pé ilé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní oṣù Kẹwàá 1916, nígbà ayé Captain Ross, Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí ètò ìjọba tuntun tí wọ́n gbé kalẹ̀ láìbi wọ́n. Àwọn sójà ló pa ọ̀tẹ̀ náà rẹ́. Ní 1918 owó orí dé ẹkùn Ọ̀yọ́. Àwọn ìwé Ross àti ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà ní ilé àkójọ ìwé ní Ìbàdàn. Ohun tí àwọn ará Òkèhò sọ, ẹnu ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, ẹnu náà sì ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá ìyá mi ti lọ, mi ò sì bi í ní orúkọ onílé rẹ̀ ní Tógò, tàbí ohun tí onílé náà sọ nípa bàbá tirẹ̀ àti ọjọ́ méjìlá. Ẹ̀yin ará Tẹ̀dé, Àgọ́-Àrẹ, Ìgbòho, Kìṣí àti Ṣakí tí òbí yín ti gbé Atakpamé, Sokodé tàbí Kete rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù yín kí ilẹ̀ tó ṣú.